Lẹ́tà tí ó wà lẹ́yìn orúkọ ọjà: àlàyé lórí facture normalisée ní ilẹ̀ Benin

Ní Kétu, ìyá kan tí ó ń ta abọ́ àti ìkòkò nítòsí ọjà na bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí mi, ìwé owó ọjà tí wọ́n ń pè ní facture normalisée, irú èyí tí ó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bí ewé tí oòrùn pa. Àbúrò rẹ̀ tí ó ń bá a lo kọ̀ǹpútà ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìyá náà kò bá bébà yẹn jà. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ọjà ń sọ nípa rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó sùn. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé bí mo bá ti ń fún ènìyàn ní ìwé yìí, TVA ti wọ̀ mí lọ́rùn nìyẹn? Èmi tí èrè mi kò tíì tó nǹkan!” TVA ni owó-orí tí òǹtajà ń bù lé iye ọjà. Mo ní, “Rárá, Màmá. Ẹ wo lẹ́tà tí ó wà lẹ́yìn orúkọ ìkòkò yín. E ni. Ká ní B ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ.”

Mo ti gbọ́ ìbéèrè ìyá yìí ní Àjàṣẹ́, mo ti gbọ́ ọ ní Ṣábẹ̀ẹ́, lẹ́nu àwọn tí wọ́n kàwé àti àwọn tí wọn kò kàwé. Ohun tí ó ń da gbogbo wọn láàmú kò ju ọ̀kan lọ: wọ́n so nǹkan méjì pọ̀ tí òfin yà sọ́tọ̀. Èkíní ni pé kí òǹtajà fún oníbàárà ní ìwé owó ọjà tí ìjọba mọ̀ sí; èkejì ni pé kí òǹtajà gba TVA lọ́wọ́ oníbàárà, kí ó sì kó o fún ìjọba. Èkíní kan ẹni tí ń ta sìmẹ́ńtì ní ọkọ̀ àjàgbé mẹ́wàá, ó sì kan ìyá oníkòkò. Èkejì kò kan ìyá oníkòkò rárá. Ẹni tí ó bá ti mọ ìyàtọ̀ yìí ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà.

Ìwé tí wọ́n ń pè ní facture normalisée jẹ́ ìwé owó ọjà tí ẹ̀rọ tàbí ojú-òpó kan tí ọ́fíìsì owó-orí, ìyẹn DGI, fọwọ́ sí ti fi àmì sí. Kì í ṣe òǹtẹ̀ rọ́bà, kì í ṣe ìbuwọ́lùwé. Bí òǹtajà bá ti kọ orúkọ ọjà, iye rẹ̀ àti ẹni tí ó rà á, ẹ̀rọ náà á fi ìròyìn ìtajà yẹn ránṣẹ́ sí DGI, á sì tẹ kóòdù kan sí ìsàlẹ̀ ìwé. Orúkọ ẹ̀rọ náà lápapọ̀ ni MECeF. Òfin rẹ̀ wà nínú ìwé òfin owó-orí tuntun tí ilẹ̀ Benin ń lò láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2022, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn lè gbà tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan ní ẹ̀rọ tí ó dá dúró, tí ó jọ èyí tí wọ́n fi ń gba owó ní ilé ìtajà ńlá, tí ó ń tẹ bébà fúnra rẹ̀. Àwọn mìíràn ti ní ètò tí wọ́n fi ń ṣírò ọjà lórí kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n kàn so àpótí kékeré kan mọ́ ọn tí ó ń bá DGI sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta ni e-MECeF, tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò sì ná ènìyàn ní kọ́bọ̀: bí ẹ bá ti ní IFU, ìyẹn nọ́ńbà ẹni-owó-orí tí ó ní ẹyọ nọ́ńbà 13, tí ẹ sì ti ṣí àkáǹtì lórí ojú-òpó DGI, ẹ lè máa tẹ ìwé láti orí kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà kẹta yìí ni ìyá oníkòkò ń lò, òun náà ni mo sì máa ń sọ fún àwọn tí ọjà wọn kò pọ̀ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ẹ̀rọ olówó ńlá fún yín kí ẹ tó gbìyànjú èyí tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí á padà sórí lẹ́tà. Lẹ́yìn orúkọ ọjà kọ̀ọ̀kan lórí ìwé náà, lẹ́tà kan máa ń wà nínú àkámọ́. A dúró fún ọjà tí òfin yọ kúrò nínú TVA, bí oògùn àti oúnjẹ oko tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ di nǹkan mìíràn. B dúró fún ọjà tí TVA wà lórí rẹ̀, 18 nínú ọgọ́rùn-ún. C wà fún ọjà tí ó ń jáde kúrò ní ilẹ̀ Benin. D jẹ́ ti àwọn iṣẹ́ tí ìjọba fún ní àyè ọ̀tọ̀ nípa TVA, díẹ̀ sì ni nínú àwa tí a ó bá a pàdé. E sì ni ti àwọn tí ń san TPS.

TPS ni owó-orí kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe fún oníṣòwò kékeré, ẹni tí gbogbo ohun tí ó ń tà lọ́dún kò kọjá mílíọ̀nù 50 CFA. Ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìtajà ọdún ni, kò sì gbọdọ̀ dín ní CFA 10,000. Ẹni tí ó wà lábẹ́ TPS kì í gba TVA lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, nígbà tí ìyá oníkòkò bá ta ìkòkò CFA 12,000, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀, CFA 12,000 náà ni ìwé yóò sọ, lẹ́tà E yóò sì wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò bu kọ́bọ̀ lé e, kò sì yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni ẹ̀rọ náà. Kì í ṣe agbowó-orí.

Ohun tí ó ń bà wọ́n lẹ́rù ní tòótọ́, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde, ni pé ẹlẹ́rìí náà kì í gbàgbé. Ẹni tí ó ti ń sọ fún ọ́fíìsì owó-orí láti ọdún yìí wá pé mílíọ̀nù mẹ́ta ni òun tà, nígbà tí ó jẹ́ pé mẹ́jọ ni, yóò rí i pé ìṣirò òun kò bá ti ẹ̀rọ mu mọ́. N kò ní díbọ́n pé ìyẹn kì í ṣe ìyípadà. Ṣùgbọ́n ìyípadà nínú ohun tí ìjọba mọ̀ ni, kì í ṣe owó-orí tuntun.

Ọ̀dọ̀ àwọn tí lẹ́tà wọn jẹ́ B ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí á dúró sí díẹ̀. Ká ní ọ̀gbẹ́ni kan ń ta sìmẹ́ńtì ní Àjàṣẹ́, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì ti kọjá mílíọ̀nù 50. Ó ra sìmẹ́ńtì ní CFA 40,000 lọ́wọ́ ẹni tí ó ju òun lọ, TVA rẹ̀ jẹ́ CFA 7,200, gbogbo ohun tí ó san jẹ́ CFA 47,200. Ó wá ta á ní CFA 50,000, ó fi TVA CFA 9,000 lé e, oníbàárà san CFA 59,000. Kì í ṣe CFA 9,000 ni yóò kó lọ fún ìjọba. Yóò yọ CFA 7,200 tí ó ti san níbi tí ó ti ra ọjà kúrò, yóò sì san CFA 1,800 tí ó kù. Bí TVA ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: olúkúlùkù ń san ti àlékún tí ó fi sí ọjà, ẹni tí ó lo sìmẹ́ńtì náà mọ́lé ni ó sì gbé gbogbo ẹrù náà níkẹyìn.

Ẹ wá wò ó pé ẹni tí ó ta sìmẹ́ńtì fún ọ̀gbẹ́ni yìí kò fún un ní facture normalisée, ìwé aláwọ̀ pupa kan tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ni ó fún un. Òfin kò gba ìwé yẹn. CFA 7,200 tí ó san kò ní ẹ̀rí, kò lè yọ ọ́, CFA 9,000 gbáko ni yóò san fún ìjọba. Lórí ẹrù kan, ó ti pàdánù CFA 7,200 nítorí bébà. Kò sì tán síbẹ̀ o: nígbà tí ó bá ń ṣírò èrè ọdún, CFA 40,000 tí ó fi ra ọjà náà gan-an lè di ohun tí wọ́n máa bá a jiyàn lé lórí, nítorí pé ìnáwó tí kò ní facture normalisée kì í wọ inú àwọn ohun tí a ń yọ kúrò nínú èrè.

Ìdí nìyí tí ìjọba kò fi nílò láti fi ọlọ́pàá ṣọ́ gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí ń ra ọjà ni ó sọ di olùṣọ́. Alárọ̀ọ́bọ̀ tí kò fẹ́ san TVA ẹlòmíràn ni yóò dúró ní iwájú ọ̀gá rẹ̀ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìwé mi.” Ní tèmi, ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí pọ̀ ju ti owó ìtanràn lọ, bí ìtanràn náà kò tilẹ̀ kéré: òfin lè mú kí ẹni tí kò fún ènìyàn ní ìwé san ìlọ́po mẹ́wàá TVA tí ó yẹ kí ó wà lórí ìtajà náà.

Àṣìṣe ìṣirò kan wà tí mo máa ń bá pàdé tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti sọ ọ́. Oníbàárà á ní iye tí òun ní jẹ́ CFA 59,000, kí wọ́n fi TVA sínú rẹ̀. Òǹtajà á mú ẹ̀rọ ìṣirò, á ṣírò 18 nínú ọgọ́rùn-ún CFA 59,000, á rí CFA 10,620, á sì kọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí iye ọjà kí TVA tó wọ̀ ọ́ ni a ti ń ṣírò 18, kì í ṣe lórí àpapọ̀. Bí àpapọ̀ bá jẹ́ CFA 59,000, ẹ pín in sí ọ̀nà 118, ẹ mú 18 níbẹ̀: CFA 9,000 ni. Lórí e-MECeF, iye tí TVA ti wà nínú rẹ̀ ni ẹ óò tẹ̀, ojú-òpó náà yóò sì ya TVA sọ́tọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá tẹ CFA 50,000 níbẹ̀ pẹ̀lú èrò pé ẹ̀rọ yóò bu CFA 9,000 lé e ti ta ọjà rẹ̀ ní ẹ̀dínwó láìmọ̀.

Ewu kejì jẹ́ ti ẹni TPS tí ó fẹ́ jọ ẹni ńlá. Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná, tí ó kọ TVA sórí ìwé tí ó fún ilé-iṣẹ́ kan nítorí pé wọ́n sọ fún un pé ìwé tí kò bá ní TVA kò “pé”. Irọ́ ni. Ẹni tí ó bá ti kọ TVA sórí ìwé ti gba owó ìjọba sọ́wọ́ nìyẹn, ó sì di dandan kí ó kó o kalẹ̀, yálà òfin gbà á láàyè láti gbà á tàbí kò gbà á. Ìwé tí ó ní E pé ṣáńṣán. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá rà lọ́wọ́ yín kò ní rí TVA yọ níbẹ̀ lóòótọ́, nítorí kò san TVA kankan. Ṣùgbọ́n yóò rí ẹ̀rí ìnáwó rẹ̀.

Ohun mìíràn máa ń wà lórí ìwé àwọn tí ń ta ọjà lọ́pọ̀, tí a ń pè ní AIB. Èyí kì í ṣe TVA, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Owó-orí èrè ni, tí wọ́n ń gbà díẹ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò tí ń ra ọjà láti tún tà. Lórí ọjà, ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún ni fún ẹni tí ó ní IFU, ìdá 5 ni fún ẹni tí kò ní. Lórí ọjà CFA 50,000, CFA 500 ni tàbí CFA 2,500. Nígbà tí ọdún bá parí, ẹni tí ó ní IFU yóò fi CFA 500 náà dín owó-orí rẹ̀ kù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé òun kò fẹ́ IFU kí ìjọba má baà mọ òun, ó ń san ìlọ́po márùn-ún níbi tí ó ti ń ra ọjà, kò sì ní orúkọ tí wọ́n lè kọ owó náà sí.

Àwa tí a wà ní ẹ̀bá ààlà ní ìbéèrè tiwa. Oníbàárà láti Ìmẹ̀kọ wá sí Kétu, ó ra ẹrù, ó san án ní náírà, ó dì í sẹ́yìn ọ̀kadà, ó lọ. Ṣé C ni? Ọ̀pọ̀ ń kọ C. Ṣùgbọ́n ọjà kì í di èyí tí ó jáde kúrò ní ilẹ̀ nítorí pé ẹni tí ó rà á ń sùn ní òdìkejì. Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ni ó ń fi hàn pé ọjà jáde. Níbi tí kò bá ti sí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, ìtajà Kétu ni, ẹ lo lẹ́tà tí ẹ bá máa ń lò fún ará Kétu, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ ní CFA. Àwọn ìbátan wa ní òdìkejì pàápàá kò ní pẹ́ mọ irú ẹ̀rọ yìí: ní 2025 ni àjọ owó-orí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìtajà wọn lọ́dún tó bílíọ̀nù 5 náírà sókè wọ inú ètò ìwé owó ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Òkè ni àwọn ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀. TVA tiwọn, tí wọ́n ń pè ní VAT, sì jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àwìn ńkọ́? Àwìn náà ni ìtajà. Ọjọ́ tí oníbàárà gbé ẹrù ni a ń tẹ ìwé, kì í ṣe ọjọ́ tí ó bá rántí san owó. Níbi tí ìwé náà ti ń béèrè bí wọ́n ṣe san owó, àyè wà fún owó ọwọ́, fún owó orí fóònù, fún sọ̀wédowó, àyè sì wà fún àwìn pẹ̀lú. Ẹ mú un. Ó ń bí àwọn òǹtajà nínú, mo mọ̀, pé wọ́n ń ka TVA sí wọn lọ́rùn lórí owó tí wọn kò tíì rí. Ẹ̀bi wọn kò sì pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìsàlẹ̀ ìwé náà dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tí ó ń rà ti lè mọ ojúlówó. Ẹ óò rí kóòdù gígùn kan, lẹ́tà àti nọ́ńbà 24 tí wọ́n pín sí mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ óò rí NIM, tí í ṣe nọ́ńbà ẹ̀rọ náà. Ẹ óò rí ohun tí wọ́n pè ní Compteurs, bí 126/131 FV. Èyí túmọ̀ sí pé ìwé yìí ni nọ́ńbà 126 nínú àwọn ìwé ìtajà lásán, ìyẹn FV, tí ẹ̀rọ náà ti tẹ̀, òun sì ni nọ́ńbà 131 nínú gbogbo ìwé rẹ̀; márùn-ún tí ó kù jẹ́ irú mìíràn. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ àti wákàtí, àti àwòrán onígun mẹ́rin tí ó kún fún àmì dúdú, tí a ń pè ní QR. Ẹ lè fi kámẹ́rà fóònù kà á. Ìwé tí kò bá ní àwọn nǹkan wọ̀nyí, bí òǹtẹ̀ rẹ̀ ti wù kí ó dán tó, kì í ṣe facture normalisée. Mo ti ra páànù rí, wọ́n fún mi ní ìwé tí ó ní àwòrán ilé-iṣẹ́ wọn ní àwọ̀ mẹ́rin, ó lẹ́wà ju ìwé ìgbéyàwó lọ. Nígbà tí mo délé ni mo rí i pé kò sí kóòdù kankan nídìí rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi lọ tí mo fi bọ̀ kí n tó gba ojúlówó.

Nọ́ńbà tí ń tẹ̀lé ara wọn wọ̀nyí ni ó fà á tí ènìyàn kò fi lè pa ìwé tí ó ti jáde rẹ́. Àbúrò mi kan ń tẹ ìwé fún oníbàárà lọ́jọ́ kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, ojú kọ̀ǹpútà dúró gbagidi. Ó rò pé kò tíì lọ, ó tún un tẹ̀. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà, ìwé méjì ni ó bá fún ẹrù kan. Ó fẹ́ ya ọ̀kan sọ nù. Yíya bébà kò ya ohun tí ó ti dé ọ̀dọ̀ DGI. Ohun tí a ṣe ni pé a tẹ ìwé ìdápadà, tí wọ́n ń pè ní facture d’avoir, àmì rẹ̀ ni FA, a sì kọ kóòdù 24 ti ìwé àṣìṣe náà sínú rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè mọ èyí tí à ń dá padà. Bákan náà ni a ń ṣe bí oníbàárà bá dá ọjà padà, tàbí bí IFU rẹ̀ bá ṣì wọlé. Nítorí náà, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo àkójọ àwọn ìwé tí ẹ ti tẹ̀ kí ẹ tó tún ọwọ́ kàn án.

Ó ku ti bébà fúnra rẹ̀. Òfin ìṣirò owó tí ilẹ̀ wa àti àwọn orílẹ̀-èdè OHADA, ẹgbẹ́ òfin òwò ní Áfíríkà, jọ ń lò ní kí á tọ́jú ìwé owó fún ọdún 10. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń jáde lára ẹ̀rọ kékeré kì í gbé ọdún méjì ní Kétu kí ó tó funfun báláú, pàápàá bí ẹ bá fi há abẹ́ òrùlé páànù. Mo gba bébà ìyá oníkòkò lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sí ojú oòrùn lórí tábìlì títí ó fi jẹun ọ̀sán tán, mo sì fi hàn án bí E náà ti ń ṣá. Láti ọjọ́ yẹn ni àbúrò rẹ̀ ti ń fi ẹ̀dà ìwé kọ̀ọ̀kan pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, tí ó sì ń tẹ ti àwọn oníbàárà ńlá sórí bébà gidi.